Páwà-Páàkì Tuntun, Wáyà Àtijọ́

Bí àbúrò mi ọkùnrin bá fẹ́ ba nǹkan jẹ́, ó máa ń kọ́kọ́ sọ pé kò sí wàhálà. Ó sọ bẹ́ẹ̀ kí fáànù Màmá tó bẹ̀rẹ̀ sí í yí sẹ́yìn. Ó sọ bẹ́ẹ̀ kí áyọ́ọ̀nù ìyàwó rẹ̀ tó di ohun tí wọ́n fi ń dá ilẹ̀kùn dúró. Ìdí nìyẹn tí a fi ń pè é ní Kò-Sí-Wàhálà nínú ilé. Fóònù ló ń túnṣe ní ìsọ̀ kékeré kan ní òpópónà kejì sí tiwa, ṣùgbọ́n kò sí ohun tó ní wáyà nínú tí ọwọ́ rẹ̀ kì í yún láti tú. Mo sọ èyí ṣáájú kí ẹ lè mọ irú ojú tí mo fi ń wò ó.

Èmi, àwòrán ilé ni mo ń yà. Ẹni tó bá fẹ́ kọ́lé á wá bá mi, a ó jókòó, n ó bi í léèrè iye ọmọ tó bí, ibi tí oòrùn ti ń yọ lórí ilẹ̀ rẹ̀, àti bóyá ìyá ọkọ máa ń wá sùn lọ́dọ̀ wọn, nítorí ilé tí kò ní yàrá ìyá ọkọ, ìjà ni yóò kọ́kọ́ gbé ibẹ̀. Orí kọ̀ǹpútà ńlá kan tó dúró lórí tábìlì ni mo ti ń yà á, nínú yàrá iwájú ilé Màmá, níbi tí bàbá wa ti ń gbàlejò kí wọ́n tó kú. N kò lọ́kọ, n kò bímọ. Màmá a máa sọ fún àlejò pé kọ̀ǹpútà ni mo fẹ́, pé ọkọ náà dára, kì í jẹun, kì í jáde lálẹ́, iná nìkan ló ń mu. Èmi náà á rẹ́rìn-ín sí i.

Bó bá ti di ìrọ̀lẹ́, Màmá á gbé àga wọn wá sí ẹ̀gbẹ́ tábìlì mi. Bí mo ṣe ń fa ìlà ni wọ́n á máa sọ̀rọ̀: ẹni tó kí wọn, ẹni tó rí wọn tó ṣe bí ẹni pé kò rí wọn, obìnrin iwájú ilé tó ń da omi ìfọṣọ sí ẹnu ọ̀nà wa, àlá tí wọ́n lá tí wọn ò rántí ìparí rẹ̀. Èmi á máa dá wọn lóhùn láìgbé ojú kúrò lára iṣẹ́. A ó bú gbogbo àdúgbò tán, a ó wá gbàdúrà fún wọn. Mo fẹ́ràn rẹ̀. Kí ẹnikẹ́ni má rò pé n kò fẹ́ràn rẹ̀.

Ilé-iṣẹ́ ayàwòrán-ilé kan ní ìlú tó jìnnà rí iṣẹ́ mi lọ́dọ̀ oníbàárà kan, wọ́n sì ránṣẹ́ sí mi. Wọ́n ní àyè iṣẹ́ kan ṣí sílẹ̀ lọ́dọ̀ àwọn. Àwọn mélòó kan ni wọ́n ké sí. Kí oníkálukú ya ilé ìwòsàn kékeré kan, kó sì fi fáìlì rẹ̀ gan-an ránṣẹ́, kì í ṣe bébà, kó tó di ọ̀sán ọjọ́ Ẹtì. Ẹni tí tirẹ̀ bá dára jù ni wọ́n á gbà. Láti ìgbà tí mo ti ń ṣiṣẹ́ yìí, ilé oníyàrá mẹ́ta ni, ṣọ́ọ̀bù ni, fẹ́ǹsì ni. Kò sẹ́ni tó ní kí n ya ilé ìwòsàn rí. Mo yà á bí ẹni tí ebi ti ń pa tipẹ́ tó wá rí oúnjẹ. Mo mọ ibi tí atẹ́gùn á gbà wọ yàrá àwọn aláboyún. Mo ṣe fèrèsé kan síbi tí wọ́n ti ń dúró gba káàdì, kí ẹni tó ń retí èsì àyẹ̀wò lè rí igi wò dípò ògiri. Iṣẹ́ tó dára jù tí ọwọ́ mi ṣe láyé mi nìyẹn, mo sì mọ̀ bẹ́ẹ̀.

Nígbà tí mo sọ ọ́ fún Màmá, wọ́n gbàdúrà. Lẹ́yìn náà, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fi ọwọ́ nu apá àga tí kò dọ̀tí.

"Ta ni yóò wá máa bá mi sọ̀rọ̀?"

"Màmá, fóònù ń bẹ. Màá máa pè yín ní àràárọ̀."

"Fóònù kì í jókòó tini."

"Kò-Sí-Wàhálà wà ní òpópónà kejì."

"Ìyẹn? Ìyẹn á bá mi sọ̀rọ̀ díẹ̀, á tú rédíò mi palẹ̀."

Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi. Àwọn náà rẹ́rìn-ín, àmọ́ ẹ̀rín wọn ò pẹ́ rárá.

Lọ́sàn-án ọjọ́ Ìṣẹ́gun tó ṣáájú ọjọ́ Ẹtì yẹn, iná tó ti lọ láti àárọ̀ dé. Kì í ṣe irú èyí tí à ń rí. Gílóòbù orí mi funfun kọjá bó ṣe yẹ, fáànù ń sáré bí ẹni tí wọ́n ń lé. Mo na ọwọ́ sí ara ògiri kí n pa á, ọwọ́ mi ò tíì débẹ̀ tí nǹkan fi dún pàù nínú kọ̀ǹpútà mi, tí èéfín tẹ́ẹ́rẹ́ sì gba ẹ̀yìn rẹ̀ jáde. Díísìkì kékeré tí mo ń kó ẹ̀dà iṣẹ́ sí wà lẹ́nu rẹ̀ lọ́jọ́ yẹn. Òun náà bá a lọ. Igbe sọ ní gbogbo òpópónà. Fíríìjì ẹni yìí lọ, tẹlifíṣọ̀n ẹni yẹn lọ. Ti Màmá kò lọ, torí mo ti yọ sítábíláísà tó ń ṣọ́ iná fún kọ̀ǹpútà mi, mo ti gbé e sídìí tẹlifíṣọ̀n wọn, kí tẹlifíṣọ̀n náà lè bá wọn kalẹ́ bí mo bá lọ tán.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, mo gbé kọ̀ǹpútà náà sínú takisí, ó di ọ̀dọ̀ Ìyá Sọ́kẹ́ẹ̀tì. Ẹ̀yà kọ̀ǹpútà ni wọ́n ń tà, wọn kì í sì í fi ṣúgà sọ̀rọ̀. Wọ́n tú u, wọ́n gbóòórùn rẹ̀.

"Páwà-páàkì rẹ ló kú," ni wọ́n wí, wọ́n fi ìka kan àpótí irin kékeré tó ń gba iná lára ògiri, tó sì ń bù ú fún àwọn ẹ̀yà tó kù. "Ó kú ikú akin. Jẹ́ ká wò ó bóyá ó jẹ́ kó kan àwọn ará ilé ẹ̀."

Wọ́n gbé páwà-páàkì tí wọ́n fi ń dán nǹkan wò wá, wọ́n fi wáyà tiẹ̀ so ó mọ́ ẹ̀rọ mi. Ojú rẹ̀ tàn. Mo ṣí fáìlì mi, ilé ìwòsàn mi sì jókòó síbẹ̀ láìku ìlà kan. Mo fò sókè. Mo ń bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n yá mi nǹkan kékeré tí mo lè kó o sí, ni iná bá lọ, tí gbogbo ìlà ìsọ̀ náà ṣókùnkùn. A jókòó títí, iná ò dé.

"Má da ara ẹ láàmú, o ti rí i pé ó wà láàyè. Gba èyí." Wọ́n mú páwà-páàkì tuntun kan jáde nínú páálí. "Àmọ́ gbọ́ mi o. Tìẹ tó kú yẹn, wáyà ẹ̀ ṣeé yọ lára ẹ̀ ni. Tuntun yìí náà bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ilé-iṣẹ́ tó ṣe wọ́n ò dọ́gba. Ẹnu wáyà wọn bára mu, inú wọn ò bára mu. Tó o bá fi wáyà àtijọ́ sí ara tuntun, iná tó yẹ kó gba ìhín á gba ọ̀hún. Díísìkì inú ẹ̀rọ ẹ, níbi tí iṣẹ́ ẹ wà, ló máa kọ́kọ́ jó, kò sì ní í dúró kí ẹ."

"Wáyà tiẹ̀ wá dà?"

Wọ́n wá a títí, wọ́n wá rántí pé inú àpò dúdú kan ló wà ní ìsọ̀ wọn kejì, ìyàwó ọmọ wọn sì ti ti ibẹ̀ pa lọ. Kí n padà wá gbà á ní àárọ̀ ọjọ́ kejì. Wọ́n ní bí mo bá fẹ́, kí n fi ẹ̀rọ náà sílẹ̀ sọ́dọ̀ àwọn.

N kò gbà. Òrùlé ọjà ń jò, olè ń bẹ, n kò lè fi irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ sùn síta. Mo gbé e wálé, torí ilé ló láàbò.

Bí mo ṣe máa ń ro gbogbo nǹkan fún Màmá náà ni mo ṣe ro èyí. Mo yọ òkú páwà-páàkì náà kúrò, mo fi tuntun sínú páálí rẹ̀ lórí tábìlì, mo sì fi ẹnu wáyà àtijọ́ tó ṣì wà lára ẹ̀rọ hàn wọ́n. Wọ́n gbà á lọ́wọ́ mi, wọ́n gbé e súnmọ́ ojú.

"Ìyẹn ni pé bí èèyàn bá ki ti àtijọ́ yìí bọ̀ ọ́, á wọlé?"

"Á wọlé wẹ́rẹ́, Màmá. Ibẹ̀ gan-an ni ibi wà. Díísìkì á jó, ilé ìwòsàn á bá a jó."

"Gbogbo ẹ̀?"

"Gbogbo ẹ̀. Kò ní í ku nǹkan kan tí màá fi ránṣẹ́."

Wọ́n mi orí, wọ́n rọra gbé wáyà náà kalẹ̀.

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́, kí Kò-Sí-Wàhálà má fọwọ́ kàn án o."

"Màá sọ fún un," ni wọ́n wí.

Ní Ọjọ́bọ̀, mo jókòó sẹ́nu ìsọ̀ kejì Ìyá Sọ́kẹ́ẹ̀tì títí ìyàwó ọmọ wọn fi gbé kọ́kọ́rọ́ dé. Ó bẹ̀ mí pé ọmọ òun ò jẹ́ kí òun sùn, mo ní kò burú, inú mi dùn débi pé mo bá a gbé ọmọ náà nígbà tó ń wá àpò. Mo gbé àpò dúdú náà mọ́ àyà wálé. Lójú ọ̀nà, mo ti ń ro aṣọ tí n ó kó.

Òórùn ló kọ́kọ́ kí mi ní ẹnu ọ̀nà. Àbúrò mi kúnlẹ̀ nídìí tábìlì, sikurudiráfà wà lọ́wọ́ rẹ̀. Páálí ṣófo lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Páwà-páàkì tuntun ti wà nínú ẹ̀rọ, wáyà àtijọ́ sì wà lẹ́nu rẹ̀, ó wọlé wẹ́rẹ́.

N kò mọ ohun tí mo kọ́kọ́ sọ. Mo mọ èyí tó tẹ̀lé e, torí àwọn ará àdúgbò ṣì ń fi í sọ ìtàn. Mo pè é ní olóríburúkú. Mo ní láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí i ni nǹkan ti ń bàjẹ́ nílé wa. Mo ní ilẹ̀ tí Bàbá tà kó lè kọ́ iṣẹ́, inú ihò ni wọ́n da owó rẹ̀ sí. Mo fi àpò wáyà náà nà án léjìká, mo tún nà án. Obìnrin tó ń da omi sẹ́nu ọ̀nà wa fi omi rẹ̀ sílẹ̀, ó wá dúró sójú fèrèsé. Ẹyin lohùn, bó bá bọ́, fífọ́ ló ń fọ́. Lọ́jọ́ yẹn, n kò ṣẹ́ ẹyin kan kù sápẹ̀rẹ̀.

Àbúrò mi, tí kì í gba ọ̀rọ̀ sílẹ̀, kúnlẹ̀ síbẹ̀, ó ń gba gbogbo rẹ̀. Nígbà tí ó rẹ̀ mí, ó sọ̀rọ̀ wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́.

"Àǹtí, mo bi Màmá."

"O bi Màmá ní kí ni?"

"Àwọn ló ránṣẹ́ pè mí. Wọ́n ní ẹ ní kí n wá bá yín ṣe é. Mo ṣí páálí, mi ò rí wáyà níbẹ̀. Mo ní wáyà tiẹ̀ gbọ́dọ̀ wà níbì kan, ẹ jẹ́ ká dúró de Àǹtí. Mo fẹ́ pè yín. Màmá ní kí n má pè yín, pé ẹ wà lójú títì. Wọ́n ní ẹ sọ fún àwọn pé kí n lo èyí tó wà nínú ẹ̀." Ó nu ojú rẹ̀. "Mo fi tọ́ọ̀ṣì wo ẹnu wáyà náà, ọkàn mi ò balẹ̀, mo tún padà lọ bi wọ́n ní kíṣìnnì. Wọ́n ní, 'Ṣé màá purọ́ mọ́ ẹ̀gbọ́n ẹ ni?' Àǹtí, mo bi wọ́n lẹ́ẹ̀mejì. Mi ò sọ pé kò sí wàhálà rárá."

Àpò dúdú náà bọ́ lọ́wọ́ mi.

Màmá wà ní kíṣìnnì, wọ́n ń nu àwo tó ti gbẹ. Wọn ò bojú wẹ̀yìn.

"Màmá."

"Mo gbọ́ ariwo yín. Ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ yín yìí ò yé mi. Mo rò pé bó o ṣe wí nìyẹn."

"Màmá, ẹ mú wáyà yẹn dání. Ẹ gbé e súnmọ́ ojú. Ẹ bi mí pé ṣé gbogbo ẹ̀ ni, mo ní gbogbo ẹ̀ ni."

Wọ́n gbé àwo náà kalẹ̀, wọ́n mú òmíràn. Mo dúró. Mo fẹ́ kí wọ́n bínú sí mi, kí wọ́n ní mo yájú, kí wọ́n fi orúkọ Bàbá búra pé àwọn ò mọ̀. N bá gbà wọ́n gbọ́. Ọlọ́run mọ̀ pé n bá gbà wọ́n gbọ́, torí ẹni bíni ni. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n yíjú sí mi, ohun tí wọ́n bi mí ni pé:

"Ìyẹn ni pé o ò ní lọ mọ́?"

Ìrètí wà nínú ohùn náà. Wọn ò lè fi í pamọ́. Bí ẹni pé mo ti ìrìn àjò dé, bí ẹni pé ẹ̀bùn ni mo fẹ́ kó jáde nínú àpò. Bí ikú ilé ò pani, tòde ò lè pani. Iná ìjọba dé pẹ̀lú gbogbo agbára rẹ̀, kò rí iṣẹ́ mi pa. Inú ilé tí mo gbé e sá wá ni wọ́n ti pa á.

"Kọ̀ǹpútà ni," ni Màmá wí. "Kọ̀ǹpútà kì í ṣe èèyàn. Àbúrò ẹ á bá ẹ wá òmíràn. Ìwọ rèé, èmi rèé. Kí ló tún kù?"

Mo kúrò níwájú wọn, mo lọ yọ díísìkì náà kúrò nínú ẹ̀rọ.

Mo gbé e lọ bá Ìyá Sọ́kẹ́ẹ̀tì. Wọ́n yí i dà, wọ́n wo ibi tó dúdú lábẹ́ rẹ̀, wọ́n ní kò sóhun tó lè jáde nínú rẹ̀ mọ́, wọ́n bi mí pé ta ló ṣe é. Mo ní àbúrò mi ni. Ojú tì mí láti sọ òótọ́. Ọjọ́ kejì ni ọjọ́ Ẹtì. Mo pe ilé-iṣẹ́ náà, mo ṣàlàyé, mo bẹ̀bẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ kan péré. Ọkùnrin tó gbé fóònù níwà, ó ní ó dun òun, ṣùgbọ́n àwọn mìíràn ti fi tiwọn ránṣẹ́, iná ń ṣe gbogbo ènìyàn. Ṣáájú ìparí ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀lé e, wọ́n ti rí ẹni gbà.

Mo lọ bá àbúrò mi ní ìsọ̀ rẹ̀. Mo jókòó sórí àga oníbàárà, mo wò ó títí ó fi tú fóònù kan tán.

"Má bínú," ni mo wí. "Ohun tí mo sọ nípa ilẹ̀ Bàbá yẹn, má bínú."

Ó la ẹnu. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ àtijọ́ ti dé etí ahọ́n rẹ̀, mo rí i, ó sì gbé e mì. "Mo ti gbọ́, Àǹtí," ló wí. Láti ọjọ́ náà, kò sẹ́ni tó gbọ́ ọ̀rọ̀ yẹn lẹ́nu rẹ̀ mọ́. Ó máa ń wá kí Màmá, ṣùgbọ́n orí ìdúró ló ti ń kí wọn, kì í sì í fọwọ́ kan nǹkan kan. Fáànù tó ń yí sẹ́yìn ṣì ń yí sẹ́yìn.

Òun náà ló bá mi wá díísìkì mìíràn àti bọ́ọ̀dù inú ẹ̀rọ tí ẹnìkan ti lò, torí tàtijọ́ náà ti jó. Èmi ni mo fi ọwọ́ ara mi so páwà-páàkì tuntun mọ́ ọn, pẹ̀lú wáyà inú àpò dúdú. Ó ń ṣiṣẹ́ dáadáa. Ilé oníyàrá mẹ́ta ni mo tún ń yà. Mo gbìyànjú láti tún ilé ìwòsàn náà yà, mo rántí àwọn ògiri rẹ̀, ṣùgbọ́n n kò rántí bí mo ṣe gbé fèrèsé yẹn síbẹ̀ tí igi fi bọ́ sí i. Mo pa á rẹ́.

Ẹ ó bi mí pé kí ló dé tí n kò kúkú lọ. Lọ síbo? Orúnkún Màmá ń dùn wọ́n, ọkàn mi ò sì gbà kí n fi wọ́n sílẹ̀. Ohun tí wọ́n fi mú mi nìyẹn. Mo ń tọ́jú wọn. Omi gbígbóná ń bẹ ní àárọ̀, oògùn ń bẹ ní àkókò rẹ̀. Mo máa ń kúnlẹ̀ kí wọn dáadáa nísinsìnyí, bí n kò ṣe kúnlẹ̀ rí. Gbogbo àdúgbò ní mo gbọ́n, pé ọ̀rọ̀ kọ̀ǹpútà yẹn ti kúrò nínú mi.

Bó bá ti di ìrọ̀lẹ́, Màmá á gbé àga wọn wá. Wọ́n á ní obìnrin iwájú ilé tún da omi. Màá ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, mà." Wọ́n á ní àwọn lá àlá kan tó pa àwọn lẹ́rìn-ín. Màá ní, "Ẹ kú àlá, mà." Wọ́n á dúró díẹ̀. N kò tún ní sọ nǹkan kan. Kì í ṣe pé mo jókòó mo pinnu rẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà ni kò sí. Mo wá a títí nínú ara mi bí Ìyá Sọ́kẹ́ẹ̀tì ṣe wá wáyà, n kò rí i.

Nírọ̀lẹ́ àná, wọ́n di apá mi mú.

"Bú mi."

"Ẹ̀yin, mà?"

"Bú mi, bó o ṣe bú àbúrò ẹ. Jẹ́ kí ará àdúgbò gbọ́. Ṣáà ti sọ̀rọ̀."

"Ọmọ kì í bú ìyá rẹ̀, mà," ni mo wí, mo sì tún kọjú sí ìlà mi.

Nígbà tó pẹ́, wọ́n gbé àga wọn, wọ́n wọ́ ọ lọ síwájú tẹlifíṣọ̀n tí sítábíláísà mi gbà là, wọ́n sì tàn án.